Owó Bàámi Tó Wà Nínú Pálí

Ìyá mi àtàtà, ẹ kú ilé o. Ẹ kú ìrọ́jú, ẹ kú ọ̀fọ̀ tí ọmọ yín kò tíì fẹnu ara rẹ̀ kí yín. Níbi tí mo wà yìí, mo kúnlẹ̀. Mo kí ẹ̀gbọ́n bàámi, mo kí àwọn ìyàwó ilé, mo kí gbogbo ẹni tó jókòó ti òfì lójúde wa. Àkàndé àbúrò mi, ìwọ lo máa ka lẹ́tà yìí. Má kà á ní yàrá. Kà á sókè lójúde, kí àwọn tó ń sọ pé Àgbádárìgì ti mú Àjíkẹ́ gbàgbé ilé lè gbọ́ ọ láti ẹnu mi.

Màámi, onímọ́tò tí ẹ rán jẹ́ iṣẹ́ yín, kò sì bù ú kù. Ó ní ẹ ní ẹ ò ní bọ́ aṣọ opó àfi bí èmi àkọ́bí yín bá wá fi tuntun wọ̀ yín, bí wọ́n ti í ṣe nílé wa. Ó ní ẹ béèrè pé ṣé wọ́n fẹ́ mi ni àbí wọ́n rà mí. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí wọ egungun. Ṣùgbọ́n ẹ ò jẹ̀bi, torí ẹ ò mọ ibi tí mo há sí.

Ẹ mọ bàbá ọkọ mi. Fún ẹni tí kò bá mọ̀ wọ́n, akọ̀wé kọ́sítọ́ọ̀mù ni wọ́n kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ojú wọn kò sì ríran mọ́. Oríṣiríṣi owó ló wà lọ́wọ́ wọn: kọ́bọ̀ oníhò, farańkì àwọn ará Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Faransé, fàdákà àwọn Àgùdà, àti èyí tí àwọn apẹja ń rí nínú iyanrìn etí òkun. Kì í ṣe owó tí à ń ná. Wọ́n á kàn máa fọwọ́ pa wọ́n lára, wọ́n á máa sọ ìtàn ọ̀kọ̀ọ̀kan. Owó yìí náà ló sọ bàbá àti bàámi di ọ̀rẹ́, láyé ìgbà tí bàámi ń kó aṣọ sọ̀ kalẹ̀ wá tà níbí, tí wọn kì í wá láì mú ẹyọ owó àjèjì kan dání. Ọ̀rẹ́ yẹn ló gbé mi wá sílé ọkọ.

Afẹ́fẹ́ ibí ni ọ̀tá owó, torí iyọ̀ wà nínú rẹ̀. Fàdákà á dúdú, bàbà á yọ àwọ̀ ewé. Obìnrin ará ìlú Ajara kan tó ń bá mi ṣọ̀rẹ́ ní kí n fi ọsàn wẹ́wẹ́ àti eérú bó wọn kí wọ́n lè dán, àfi bí ẹni pé ó bú bàbá. Wọ́n ní ẹni tó bá bó akúẹ́, ìyẹn owó lédè Ògù, ti bó ìtàn rẹ̀ dànù. Ni wọ́n bá ní kí n máa kọ́ ilé onípálí fún owó wọn.

Pálí bàtà ni mo ń lò, torí pálí ṣúgà kó èèrà wọlé. Mo máa ń gé e sí méjì dọ́gba, n ó dá ihò sí àárín wọn, n ó fi bébà dídán tó mọ́ gaara ara pálí sìgá bo ihò náà kí àlejò lè máa rí owó tó wà nínú rẹ̀. Píìnì ni ọkọ mi kọ́kọ́ rà fún mi láti fi de pálí méjèèjì pọ̀ mọ́ owó, kò pẹ́ tí gbogbo rẹ̀ fi dípẹtà. Ni mo bá rántí pé ọmọ Ìsẹ́yìn ni mí, mo fi òwú rán an. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́ta ni mo máa ń rán. Ẹ̀kẹrin, ojóbó ni mo ń ta sí i, kí bàbá lè fà á, kí wọ́n yọ owó wọn, kí wọ́n fọwọ́ kàn án bó bá ti wù wọ́n. Mo da èédú sí ìsàlẹ̀ àpótí kó máa fa ọ̀rinrin. Gbogbo ẹni tó bá rí i ló ń yìn mí, ẹ̀yin lẹ sì kọ́ mi ní abẹ́rẹ́.

Nígbà tí a gbọ́ ikú bàámi, ọkọ mi wà nílé. Ẹ mọ̀ pé inú ọkọ̀ ojú omi tó ń ná Èkó ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun àti àbúrò bàbá tí gbogbo wa ń pè ní Tàǹtí mú mi wọ yàrá, wọ́n ní bàbá kò gbọ́dọ̀ gbọ́. Wọ́n ní ìgbà tí wọ́n túfọ̀ ọ̀rẹ́ wọn kan ará Mọ̀rógbó fún wọn, ńṣe ni wọ́n ṣubú, àyà wọn kò sì tíì bọ̀ sípò. Nítorí náà, mi ò gbọ́dọ̀ sunkún síta. Mi ò gbọ́dọ̀ lọ sílé, torí bàbá á béèrè ohun tí mò ń lọ ṣe. Wọ́n ní kí n ní sùúrù títí ara wọn á fi yá. Ara arúgbó, màámi, ọjọ́ wo ló ń yá tán? Ìyàwó ilé ni mí, ta ni n ó bá jiyàn?

Òkun ń hó níwájú, ọ̀sà wà lẹ́yìn, èmi wà láàárín. Láàárọ̀, àwọn aládùúgbò á kí mi lédè Ògù pé a fọ́n gánjí à, n ó dáhùn pé mo jí dáadáa. Mo ń fẹ̀jẹ̀ sínú, mo ń tutọ́ funfun jáde. Etí òkun ni mo ti ń sunkún, torí ariwo omi bo tèmi mọ́lẹ̀. Àjò kì í dùn kí onílé má relé, ṣùgbọ́n kí ni onílé á wí tí ó fẹ́ fi relé?

Èyí tó burú jù ni pé ojoojúmọ́ ni bàbá ń béèrè àna wọn. Wọ́n á ní ṣé bàbá Àjíkẹ́ ò ní sọ̀ kalẹ̀ lẹ́ẹ̀rùn yìí ni. N ó ní òfì ni kò jẹ́ kí wọ́n ráàyè. Wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní ahun ni ọ̀rẹ́ àwọn, owó tó ṣèlérí ni kò fẹ́ mú wá. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín.

Fàdákà Faransé kan wà tí bàámi mú wá kẹ́yìn, orí obìnrin ló wà lára rẹ̀. Òun ni bàbá fẹ́ràn jù. Mo ti ń sá fún rírán pálí tirẹ̀ tipẹ́. Ọjọ́ tí onímọ́tò yín jíṣẹ́ tó sì lọ tán ni mo rán an, mi ò sì mọ ohun tí ọwọ́ mi ń ṣe.

Lọ́jọ́ kejì, lábẹ́ igi àgbọn, bàbá ní kí n gbé àpótí wá. Wọ́n mú pálí náà, wọ́n fi ìka wá ojóbó rẹ̀ lọ, wọ́n wá a bọ̀. Kò sí ojóbó. Ẹ̀gbẹ́ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo rán pa. Bàbá gbé e sórí itan, wọ́n sì béèrè lọ́wọ́ mi, jẹ́jẹ́, pé ọjọ́ wo ni wọ́n sin ọ̀rẹ́ àwọn.

Màámi, mo ké. Wọn ò ṣubú. Wọ́n jẹ́ kí n ké tẹ́rùn, àwọn náà sunkún. Wọ́n ní láti ìgbà tí ẹ̀ẹ̀rùn ti wọlé tí ọ̀rẹ́ àwọn kò sọ̀ kalẹ̀ ni ọkàn àwọn ti sọ fún àwọn. Wọ́n ní àwọn rò pé èmi ni wọn ò tíì sọ fún, nítorí ọmọ tí mò ń fún lọ́mú, àfi ìgbà tí àwọn fọwọ́ kan pálí tí mo rán pa. Kí n má baà fura ni wọ́n ṣe ń béèrè bàámi lójoojúmọ́, tí wọ́n sì ń rẹ́rìn-ín. Mo jókòó sínú iyanrìn.

Wọ́n ní kí n fi lẹ́tà yìí ṣáájú, kí n wọ mọ́tò tó bá tẹ̀ lé e. Wọ́n ní kí n má tú òwú pálí yẹn, kí n gbé e bẹ́ẹ̀ wá fún yín.

Nítorí náà, ẹ má tíì bọ́ aṣọ yẹn. Tuntun yín ti wà nínú ẹrù mi, mo ti ṣẹ́ ẹ létí. Kí Olúwa dá yín sí fún wa, kí ó fi ọwọ́ ìtùnú pa yín lórí, kí ẹ má ṣe rí irú ẹ̀ mọ́. Ẹ bá mi kí àgbà, ẹ bá mi kí èwe, ẹ kí ẹni tó gbè mí lẹ́sẹ̀ àti ẹni tó bú mi. Sẹ̀tónjí ọmọ ọmọ yín ní kí n kí yín. Ẹ fi ilẹ̀kùn sílẹ̀ fún mi.

Èmi ni Àjíkẹ́, ọmọ yín, tó ń bọ̀ wá sílé.