Ilẹ̀kùn Balùwẹ̀ Tí Àǹtí Sídí Yí Padà

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin bàbá mi. Mo kúnlẹ̀ kí yín láti Ìsọlọ̀ níbí. Mo kí ìyá mi, mo kí Bọ̀dá Táyọ̀ àti ìyàwó wọn. Gbogbo ará Ìkirè tó bá béèrè mi, ẹ ní ara mi le.

Iṣẹ́ ń lọ. Ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe ọ̀rá ni mo ṣì wà, ṣíìfù ọ̀sán ni mo ń ṣe lọ́sẹ̀ yìí. Òjò kò jẹ́ ká rí oòrùn sá aṣọ, ọ̀nà táwọn tírélà ń gbà sì ti di ẹrẹ̀. Àmọ́ kì í ṣe nítorí òjò ni mo ṣe kọ̀wé. Ẹnì kan ni mo fẹ́ ròyìn fún yín.

Ẹ ti béèrè bí ilé tí mo ń gbé ṣe rí, mi ò dáhùn, ojú ló ń tì mí. Ó dára lójú, wọ́n kùn ún dáadáa, àmọ́ ẹni tó kọ́ ọ kò ro tẹni tó máa gbé inú ẹ̀. Súìṣì iná yàrá mi wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn. Àfi kí n wọlé, kí n tilẹ̀kùn, kí n tó máa fọwọ́ wá a lára ògiri. Ẹ̀rọ omi ẹ̀yìnkùlé sún mọ́lẹ̀ débi pé garawa kò lè wọ abẹ́ ẹ̀, abọ́ la fi ń gbọ́n omi. Balùwẹ̀ kan ṣoṣo tí yàrá mẹ́fà ń lò há gádígádí, inú ni ilẹ̀kùn ẹ̀ sì ń ṣí sí. Ó ti mọ́ wa lára.

Ìyá Rábíù, ìyá àgbà kan, ló ń gbé yàrá tó kọjú sí tèmi. Lọ́jọ́ tí àárò ilé bá sọ mí, ọ̀dọ̀ wọn ni mo máa ń lọ jókòó. Láàárọ̀ Sátidé kan, èmi ni fífọ balùwẹ̀ kàn. Mo fi ọṣẹ fọ̀ ọ́, mi ò da omi sí i tó, torí mo ń kánjú. Ìyá Rábíù wọlé lọ wẹ̀, kò pẹ́ tá a gbọ́ gbì. Mo sáré ti ilẹ̀kùn, kò ṣí ju ìwọ̀n ìka méjì lọ. Ara wọn ló dí i. Bá a bá tún tì í, orí wọn là ń tì. Àwọn ọkùnrin ilé ní ká fọ́ ọ. Ìyá ń kérora, nígbà tó yá, wọ́n dákẹ́. Ìdákẹ́ yẹn ló bà mí lẹ́rù jù.

Àǹtí Sídí tá a jọ ń gbé ilé, ọmọ Ìwó tó ń ṣe káfíńtà ní Èjìgbò ti Èkó níbí, ló jáde sí wa. Wọ́n ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kan ilẹ̀kùn mọ́. Wọ́n gbé àpótí sábẹ́ fèrèsé balùwẹ̀, wọ́n yọ gíláàsì ẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sì gba ojú ihò tí mi ò rò pé ọmọdé lè gbà wọlé. A gbọ́ tí wọ́n ń bá ìyá sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́, tí wọ́n ń rọra sún wọn kúrò. Ilẹ̀kùn ṣí.

Ọwọ́ òsì ìyá kán, orí wọn wú, àmọ́ dókítà ní yóò san. Ní ọsibítù, mo jẹ́wọ́ fún Àǹtí Sídí pé èmi ni mo fà á. Wọ́n dá mi lóhùn pé:

“Ọṣẹ ló mú wọn yọ̀, Àdùkẹ́. Ìyẹn tìẹ, lọ bẹ̀ wọ́n. Àmọ́ ilẹ̀kùn ló fẹ́ pa wọ́n, ìyẹn kì í ṣe tìẹ.”

Mo lọ bẹ ìyá. Wọ́n ní ṣé mo ti jẹun.

Àǹtí Sídí lọ bá bàbá tó ni ilé. Bàbá ní látọjọ́ tí àwọn ti kọ́ ọ, kò sẹ́ni tó ráhùn. Àǹtí kò bá wọn jiyàn. Wọ́n bẹ bàbá kí wọ́n wọ balùwẹ̀, kí wọ́n jókòó sílẹ̀, kí wọ́n fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn. Wọ́n wá ní kí n ṣí i. Mo tì í, mo tún tì í. Kò ṣí, ẹ̀yìn bàbá ló dí i. Nígbà tí wọ́n jáde, wọ́n gbọn ṣòkòtò wọn.

“Àwọn ilé mi tó kù ń kọ́? Ẹ bá mi lọ wò wọ́n.”

Àǹtí Sídí yí ilẹ̀kùn náà síta, wọ́n sì ní kí wọ́n gbé ẹ̀rọ omi sókè. Wọ́n ní kí Ìyá Rábíù na ọwọ́ ọ̀tún tí kò kán, ibi tó dé ni wọ́n kan igi ìdìmú mọ́ lára ògiri. Bàbá mi, mi ò tíì rí ẹni tó fi èèyàn wọn ilé rí. Ó wú mi lórí gan-an.

Lọ́jọ́ tí ìyá kọ́kọ́ dá wẹ̀, wọ́n ní ká máa lọ. Kò sẹ́ni tó lọ. Ẹnì kan ń gbálẹ̀, èmi ń fọ abọ́ tó ti mọ́. Ilẹ̀kùn ṣí síta wẹ́rẹ́, ìyá dúró, wọ́n wò wá yíká.

“Ṣé ẹ ò níṣẹ́ ni?”

Wọ́n kọjá lára wa lọ sí yàrá wọn.

Ilé tí ẹ ń kọ́ sẹ́yìnkùlé yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi ilẹ̀kùn sí balùwẹ̀ kí ìyá mi tó lọ jókòó níbẹ̀ wò. Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ kọ́ ọ tán, kí ẹ sì gbé inú ẹ̀ pẹ́ nínú àlàáfíà. Mo kí gbogbo agboolé, tọmọdé tàgbà.

Èmi ni ọmọ yín tó ń rò yín,
Àdùkẹ́