A Ti Rí I Gbà, Ẹ Ṣé

Ajé, 4 Oṣù Kọkànlá, 2024
Orúkọ mi ò sí lára pátákó ìkéde. Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta, mo tún fi ìka tọ̀ ọ́. Kò sí. Ọjọ́ Ẹtì ni ìforúkọsílẹ̀ ń parí. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tí mo dé Àkúrẹ́ láti wọ yunifásítì, mi ò tíì ní ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún.

Ọ̀gbẹ́ni Rufus tó ń tọ́jú kọ̀ǹpútà níbí sọ pé ẹ̀rọ kọ́lẹ́ẹ̀jì mi l'Óǹdó kò fi èsì ìdánwò mi ránṣẹ́ sí ẹ̀rọ tiwọn. Wọn ò tiẹ̀ gbójú sókè.

Ìṣẹ́gun, 5
Mo pe Oǹdó. Ìyáàfin Adérónkẹ́, tó ń bójú tó èsì ìdánwò ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, ní àwọn ti fi í ránṣẹ́, ẹ̀rọ Àkúrẹ́ sì ti dáhùn. Ta ló ń purọ́?

Ohun tí Ọláwuyì, ẹ̀gbọ́n mi, tó ti kọ́lẹ́ẹ̀jì kan náà jáde, sọ nílé lọ́dún méjì sẹ́yìn gan-an nìyí. Bàbá ní irọ́ ni, ó fìdí rẹmi, ó ń bojú. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Oko olóko ló ń ro n'Ípogun báyìí.

Rírú, 6
Oúnjẹ ò lọ.

Bọ̀, 7
Mo wọ bọ́ọ̀sì lọ Oǹdó. Ìyáàfin Adérónkẹ́ fi ojú kọ̀ǹpútà hàn mí: "A ti rí i gbà, ẹ ṣé." Ìṣẹ́jú àáyá kan náà tí wọ́n fi í ránṣẹ́ ni ìdáhùn dé. Ó yá jù. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n fi òfìfo ránṣẹ́, láìkọ ohunkóhun sí i. Wọ́n bi mí bóyá orí mi pé. Wọ́n ṣe é ṣá.

"A ti rí i gbà, ẹ ṣé."



Ẹtì, 8
Mo padà sí Àkúrẹ́, mo ròyìn òfìfo náà fún Ọ̀gbẹ́ni Rufus. Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ẹ̀rọ ẹ̀yin ará Oǹdó yẹn, bí a ò bá tètè dá a lóhùn, ẹ̀ẹ̀meje ló máa tún un fi ránṣẹ́. Mo wá ní kí tiwa máa dúpẹ́ lẹ́nu ọ̀nà ná. Ṣé a máa jẹ́ kí àlejò dúró síta láìkí i ni?"

Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n wo inú ilé.

Wọ́n wò ó. Nínú ọjọ́ ìbí, Oǹdó ń kọ ọjọ́ ṣáájú oṣù. Ẹ̀rọ tibí ń ka oṣù ṣáájú ọjọ́. Ọjọ́ kọkàndínlógún ni wọ́n bí mi. Kò sí oṣù kọkàndínlógún — ó dà mí nù. Lẹ́yìn tó ti dúpẹ́ tán.

Ẹ̀rín tán lẹ́nu wọn. Ọwọ́ ara wọn ni wọ́n fi kọ orúkọ mi wọlé. Mo wá bèèrè àwọn yòókù tí ẹ̀rọ dànù. Mẹ́tàlélọ́gọ́rin, láàárín ọdún mẹ́ta. Kò sẹ́ni tí wọ́n bí ṣáájú ọjọ́ kẹtàlá nínú wọn.

Ẹni kẹtàdínlógójì: Ọláwuyì. Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n ni wọ́n bí i.

Ọ̀gbẹ́ni Rufus ní, "Ṣé o mọ ẹnì kan níbẹ̀ ni?" Mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́, kí wọ́n tẹ èsì rẹ̀ sórí ìwé fún mi.

Àbámẹ́ta, 9
Bàbá pè: ṣé mo ti wọlé? Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, sà. Mo ní, "Ọláwuyì náà yege, sà. Láti ọdún méjì sẹ́yìn. Ìwé èsì ẹ̀ wà lọ́wọ́ mi."

Wọ́n ní kí n kà á sí àwọn létí.