Yàrá Ìyá Mi Tí Kò Hàn Nínú Àwòrán

Ikosi, Kétu, Èkó.

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o, ẹ sì kú àbójútó agboolé. Mo dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀yin àti ìyá mi. Mo kí gbogbo àgbà ìdílé. Mo kí Bọ̀dá Láyí ẹ̀gbọ́n mi náà, bó tilẹ̀ jẹ́ pé inú ń bí mi sí i gidigidi. Ara mi le, ṣùgbọ́n mi ò ní purọ́ fún yín pé inú mi dùn. Mo fi lẹ́tà yìí ránṣẹ́ sí ìwé ìròyìn pẹ̀lú, kí ọmọ mìíràn tó ń fowó ilé kíkọ́ ránṣẹ́ sílé lè fi kọ́gbọ́n.

Ará ilé wa kan tó kó gààrí wá sí Mile 12 ló ròyìn fún mi. Ó ní àwọn àgbà ti dá iṣẹ́ ilé wa dúró, wọ́n ní mo ya ilé tí kò lórùlé fún bàbá mi, pé ahoro ni mò ń wá. Mo kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Nígbà tó sọ èyí tó kù, ẹ̀rín náà kúrò lẹ́nu mi.

Bàbá mi, àwòrán méjì ni mo fi rán Bọ̀dá Láyí. Bébà búlúù jẹ́ ti bíríkìlà: bí ìgbà tí èèyàn ṣí òrùlé kúrò tó ń wo inú ilé látòkè ló rí, kí bíríkìlà lè mọ ibi tí ògiri kọ̀ọ̀kan yóò gbà. Èyí tí mo fi ọ̀dà kùn, tó ní páànù pupa, ti ẹ̀yin àgbà ni, kí ẹ lè rí bí ilé yóò ṣe rí láti ojú títì. Mo ṣàlàyé títí ẹnu fi ro mí. Ṣùgbọ́n Bọ̀dá rò pé èyí tó le ló yẹ àgbà, ló bá gbé bébà búlúù fún wọn, ó sì gbé aláràbarà fún bíríkìlà. Bíríkìlà rí fèrèsé méjì, ó gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá méjì dípò mẹ́ta. Yàrá ìyá mi wà lẹ́yìn, níbi tí àwòrán iwájú ilé kò lè fi hàn!

Ará ilé wa ní ẹ sọ pé kó wà bẹ́ẹ̀, pé a ó fi yàrá ìyá mi kún un tó bá yá. Tó bá yá kẹ̀? Òjò ń rọ̀ níbí, omi ti wọlé àwọn ará Ajégúnlẹ̀ létí odò. Èmi nìkan ni mo wà nínú yàrá mi, kò sí ẹni tí mo lè bá sọ̀rọ̀, bí òjò bá sì ti ń lu páànù, ìyá mi tó ń wọ́ ẹní kúrò níbi tó ń jò ni mò ń rò. Owó oṣù mi ló ń bá ilé yẹn lọ. Ìyá mi ò ní ráhùn, wọ́n sì ní ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Èmi ò ní dákẹ́ ní tèmi.

N kò bú àwọn àgbà. Alhaji kan tí ọ̀gá mi níbi iṣẹ́ tí mo ti ń yàwòrán ilé ń kọ́lé fún ní Kétu wo bébà búlúù ilé rẹ̀, ó bi wá léèrè pé ta ló bẹ́ orí ilé òun. Ọ̀gá mi ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ lẹ́yìn. Èmi gé páálí, mo fi kọ́ ilé kékeré tí òrùlé rẹ̀ ṣeé ṣí. Alhaji ṣí i, ó pe àwọn ìyàwó rẹ̀, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í jà lórí yàrá lójú ẹsẹ̀. Ìgbà náà ni mo mọ̀ pé ó yé wọn.

Mo ti gé ti yín náà. Ará ilé wa ń gbé e bọ̀. Ẹ pe gbogbo àgbà jọ, ẹ gbé e lé ìyá mi lọ́wọ́, kí àwọn fúnra wọn ṣí òrùlé, kí wọ́n fi yàrá wọn hàn yín. Kí bíríkìlà gbẹ́ ìpìlẹ̀ yàrá náà kó tó to búlọ́ọ̀kù kankan lé méjì tó ti gbẹ́. Bíríkìlà ò jẹ̀bi, kò mọ̀ pé yàrá kan kù. Ẹ̀yin mọ̀, Bàbá mi.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ jẹun ọmọ pẹ́. Ẹ bá mi kí tọmọdé tàgbà. Ẹ bá mi kí ìyá mi lọ́tọ̀.

Èmi ni ọmọ yín tí inú ń bí,
Adéwálé.