Irinwó Bọ́tìnnì fún Tíkẹ́ẹ̀tì Méjì

Ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo sì kí ẹni tó wà nínú rẹ lọ́tọ̀, nítorí èèyàn ni òun náà, kí ó má di pé ó dáyé tán kí ó máa sọ pé ìyá àgbà kò kí òun. Bí ilẹ̀ bá ṣe ń mọ́, kí ara rẹ máa fúyẹ́ sí i. Oúnjẹ tí o bá jẹ, kí ó dúró níkùn. Bàbá rẹ kí ọ. Wọ́n wà lórí àga wọn nídìí fèrèsé, wọ́n ní kí n kọ ọ́ gàdàgbà-gadagba, nítorí fóònù ti ba ojú gbogbo ará ìlú ńlá jẹ́.

Ilé dára. Òrùlé yàrá ẹ̀yìn kò jò mọ́ láti ìgbà tí òjò ti dáwọ́ dúró. Ẹ̀rọ ìránṣọ mi ń ṣiṣẹ́, orúnkún mi nìkan ló ń dún jù ú lọ.

O bi bàbá rẹ pé kí ni mo ń fi bọ́tìnnì ṣe, tí fóònù rẹ fi ń ké láràárọ̀ pé mo tún ti ra ẹyọ kan. Mo ní kí wọ́n má dáhùn, nítorí ọ̀rọ̀ tó bá gùn máa ń já lórí fóònù. Má bínú, ọmọ mi, èmi ni. Gbogbo ìgbà tó bá ti ké, mọ̀ pé ìyá rẹ ṣì wà láyé.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Nígbà tí o fún mi ní káàdì báńkì yìí, tí o ní kí n fi pamọ́ nítorí àìsàn, mo fi pamọ́ lóòótọ́, n kò sì ṣàìsàn. Ìwé pélébé kan wà nínú àpòòwé rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́ta ni bàbá rẹ fi kà á, nítorí apá kan ṣoṣo ló kù lára awò ojú wọn, ọwọ́ ni wọ́n fi ń di ìkejì mú. Wọ́n ní báńkì kọ ọ́ síbẹ̀ pé ìgbàkígbà tí a bá ti lo káàdì, ohun tí a rà ìbáà kéré, ìbáà tóbi, àwọn á fún wa ní póìǹtì mẹ́wàá. Tí póìǹtì bá pé ẹgbàajì kí oṣù mẹ́ta tó parí, àwọn á fún èèyàn méjì ní tíkẹ́ẹ̀tì bọ́ọ̀sì lọ sí ìlú ńlá, lọ́fẹ̀ẹ́.

Ìlú ńlá tí o wà! O ti sọ fún wa pé owó ọkọ̀ wọ́n, pé ẹ ó ránṣẹ́ pè wá tí nǹkan bá rọ̀ díẹ̀. N kò bá ọ jà. Ṣùgbọ́n oyún kì í dúró de kí nǹkan rọ̀. Àkọ́bí rẹ nìyí, ta ló fẹ́ wẹ̀ ẹ́? N kò fẹ́ kí ọmọ ọmọ mi mọ̀ mí nínú fọ́tò.

Mo jókòó, mo rò ó, ó sì yé mi. Ìkíni ni báńkì ń fẹ́. Ìwọ náà mọ̀ pé ẹni tó ń yà kí èèyàn láàárọ̀ lálẹ́ sàn ju ẹni tó gbé ẹ̀bùn ńlá wá lẹ́ẹ̀kan lọ́dún tí a kò tún fojú kàn án mọ́. Tí n bá ra odidi páálí bọ́tìnnì, mo kí wọn lẹ́ẹ̀kan péré nìyẹn. Tí n bá rà á lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan, wọ́n á gbọ́ ohùn mi nígbà irinwó.

Ni mo bá gba ọ̀dọ̀ ọkùnrin tó ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní ọ̀kánkán ilé wa lọ, ẹni tí gbogbo àwa télọ̀ ń pè ní Kò-sí-ẹ̀dínwó. O mọ ẹnu rẹ̀. Lọ́jọ́ kìíní, ó ní ṣé ìdajì ẹ̀wù ni mo ń rán ni. Lọ́jọ́ kejì, ó ní rìsíìtì tí ẹ̀rọ òun ń pọ̀ jáde ti gùn ju aṣọ tí mo fẹ́ rán bọ́tìnnì náà mọ́ lọ. Lọ́jọ́ tí mo ra abẹ́rẹ́ ẹyọ kan, ó ní kí n dúró kí òun bá mi wá alábàárù. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo ní mo lè gbé e fúnra mi. Tí mo bá fẹ́ tẹ nọ́ńbà àṣírí, mo máa ń ní kí ó kọjú sí ògiri, èmi náà á sì di ojú mi, nítorí o ní ojú ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ kàn án. Ìdí nìyẹn tí ẹ̀rọ náà fi máa ń kọ̀ nígbà mìíràn.

Ẹ̀ẹ̀mẹta láàárọ̀, ẹ̀ẹ̀mejì nírọ̀lẹ́. Bọ́tìnnì wá kún ilé. Ẹ̀wù bàbá rẹ kan ti ní mọ́kàndínlógún, wọ́n ní tí àwọn bá bẹ̀rẹ̀ sí tú u nírọ̀lẹ́, oorun á ti gbé àwọn lọ kí àwọn tó débi ọrùn.

Nígbà tó wá ku ẹ̀ẹ̀mẹrin péré, tó sì ku ọjọ́ kan, ẹ̀rọ náà kọ̀. Mo tún un tẹ̀, ó kọ̀. Mo lajú tẹ̀ ẹ́, ó kọ̀ síbẹ̀. Kò-sí-ẹ̀dínwó pàápàá kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Mo jókòó sórí àpótí nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, mo ń wo káàdì náà bí ẹni ń wo aláìsàn, mo ń rò ó pé ọwọ́ ẹni ẹlẹ́ni ni yóò kọ́kọ́ gbé ọmọ yẹn.

Ibẹ̀ ni fóònù mi ti dún. Báńkì ni! Ọmọbìnrin kan tí ohùn rẹ̀ tutù ni. Ó ní ṣé èmi ni mo ra bọ́tìnnì kan láago mẹ́sàn-án àná, tí mo tún ra òmíràn nígbà tí aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Inú mi dùn, mo ní èmi ni, pé n kò tilẹ̀ mọ̀ pé wọ́n ń kíyè sí mi. Ó ní ó jọ pé wọ́n jí káàdì náà ni, ìyẹn ni àwọn fi tì í. Ó bi mí bóyá ẹnikẹ́ni ń fipá mú mi. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, ọkọ mi, àràárọ̀ ni wọ́n ń lé mi jáde pé kí n tètè lọ kí ṣọ́ọ̀bù tó kún. Ohùn rẹ̀ bá lọ sílẹ̀, ó ní tí n kò bá lè sọ̀rọ̀ níbi tí mo wà, kí n wúkọ́ lẹ́ẹ̀kan. Mo wúkọ́, nítorí eruku ṣọ́ọ̀bù yẹn pọ̀.

Kò-sí-ẹ̀dínwó já fóònù gbà lọ́wọ́ mi. Ó ní kò sí olè, kò sí ipá, ìyá kan ló fẹ́ lọ wẹ ọmọ ọmọ rẹ̀, àti pé olè wo ni yóò jí káàdì kí ó máa fi ra bọ́tìnnì lẹ́yọ kọ̀ọ̀kan? Ọmọbìnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó ní mélòó ló kù. Mo ní mẹ́rin. Ó ní kí n má kúrò níbẹ̀, pé òun ń ṣí i. Kí ilẹ̀ tó ṣú, irinwó ti pé, tíkẹ́ẹ̀tì méjì sì dé lánàá. Bàbá rẹ fi í sábẹ́ ìrọ̀rí, ẹ̀ẹ̀mẹrin ni wọ́n dìde wò ó.

Ọ̀rọ̀ owó wá kù. Báńkì fi ìwé kan kún un, orúkọ rẹ ló wà lókè, wọ́n to gbogbo irinwó ìkíni mi tẹ̀ lé e lọ́kọ̀ọ̀kan, iye owó kan wà nísàlẹ̀, wọ́n sì kọ ọjọ́ tí kò gbọ́dọ̀ kọjá. Bàbá rẹ ní owó tí wọ́n fẹ́ fún ọ ni, nítorí ìkíni ìyá rẹ tẹ́ wọn lọ́rùn. Mo fi í sínú lẹ́tà yìí, tètè lọ gbà á. Tó bá ti tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, fi díẹ̀ ránṣẹ́ sí wa nínú rẹ̀, nítorí ibùdókọ̀ jìn sílé wa, ẹni tí yóò sì gbé wa débẹ̀ kò gba póìǹtì, mo ti bi í.

Ọjọ́ Àbámẹ́ta tó kẹ́yìn oṣù yìí ni kí ẹ máa retí wa. Bàbá rẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i nísàlẹ̀ tíkẹ́ẹ̀tì ni, níbi tí wọ́n kọ wẹ́wẹ́, pé àlọ nìkan ni, pé àbọ̀ ń fẹ́ ẹgbàajì póìǹtì mìíràn, ṣùgbọ́n wọn kò dá ọjọ́ fún ìyẹn. Má jẹ́ kí ọkàn rẹ pòrúurùu. A ó máa kó o jọ díẹ̀díẹ̀ lọ́dọ̀ yín. Wọ́n ti ṣírò rẹ̀, wọ́n ní tí a kò bá kánjú, kò lè ju ọdún kan ààbọ̀ lọ.

Ọlọ́run á sọ̀ ọ́ kalẹ̀ láyọ̀, a ó gbóhùn ìyá, a ó gbóhùn ọmọ. Yóò sì bá wa fẹ yàrá kan ṣoṣo tí ẹ ń gbé lójú.

Èmi ìyá rẹ ni, tí ẹrù rẹ̀ ti wà lẹ́nu ọ̀nà.