Orúkọ Mi Nínú Aago Ẹ̀gbọ́n Mi

Ẹ kú ilé o, Màámi. Àlàó yín ló dọ̀bálẹ̀ láti Àgùdà. Mo kí Bàbá, mo kí ìyá àgbà, mo kí Tíṣà tó máa ń ka ìwé ìròyìn fún yín. Ẹ ní kí wọ́n ka èyí sókè dáadáa, kí gbogbo agboolé gbọ́. Ara mi le. Òjò ni kò jẹ́ ká gbádùn níbí, ọ̀gbàrá ń wọ ṣọ́ọ̀bù wa, orí bẹ́ǹṣì la ń kó rédíò àwọn oníbàárà sí.

Ọ̀rọ̀ aago tó ń sọ̀rọ̀ yẹn ni mo bá wá. Ẹ̀gbọ́n mi Àjàní kò sọ fún yín pé èmi ni mo ṣe é, àbí? Ọwọ́ mi yìí ló jó wáyà rẹ̀ pọ̀. Ṣíìpù kan wà nínú rẹ̀ tí kò tó ìka ọwọ́, òun ló ń tọ́jú ohùn èèyàn. Iná ìbáà lọ, bátìrì ìbáà kú, kò ní gbàgbé. Mo fún ẹ̀gbọ́n mi kó máa jí i lọ síbi iṣẹ́ dókítà rẹ̀ ní Ìdí-Àràbà. Òun wá gbé e wálé lọ́dún Àjíǹde, ẹ sì ki oríkì rẹ̀ sínú rẹ̀. Oríkì tirẹ̀. Nínú aago tí èmi ṣe!

N kò mọ̀, àfìgbà tí bọ́tìnnì rẹ̀ bàjẹ́ tó gbé e wá bá mi. Mo tún un ṣe, mo tẹ̀ ẹ́, mo gbọ́ yín. Àjàní ọkọ mi, dìde. Àjàní, ọmọ tó jí tí inú ìyá rẹ̀ dùn. Màámi, n kò ní purọ́ fún yín, mo jowú gan-an.

Nínú ṣíìpù náà, ohùn pín sí yàrá yàrá. Èèyàn lè pa ti yàrá kan rẹ́, kó fi òmíràn sí i, kí ìyókù má mira. Mo ní ṣebí orúkọ nìkan ni mo fẹ́ pààrọ̀, ìyá kan náà ló ṣáà bí wa. Mo pa Àjàní rẹ́ níbi méjèèjì. Ẹnu aago lẹ sọ̀rọ̀ sí, kò sí ẹ̀dà rẹ̀ níbì kankan, ó ti lọ nìyẹn. Mo wá kó àwọn kásẹ́ẹ̀tì tí ẹ máa ń fi ránṣẹ́ sí mi dípò lẹ́tà, mo ń wá ibi tí ẹ ti pe èmi. Àlàó, ẹgbẹ́ rẹ ti gbéyàwó. Àlàó, òrùlé ń jò, o ò gbọ́ ni? Àlàó, ṣé o ò rí ẹ̀gbọ́n rẹ ni? Mo gbọ́ kásẹ́ẹ̀tì mẹ́rin tojú tẹ̀yìn. Kò síbì kan tí ẹ ti pè mí tí ẹ ò bínú.

Mo ṣáà mú ọ̀kan, mo fi sí àyè méjèèjì. Nígbà tí mo tẹ bọ́tìnnì, Àlàó yẹn já wọ àárín oríkì bí ẹ ṣe pè é lọ́jọ́ tí mo fọ́ ìkòkò omi yín. Ẹ gbà mí, mo ti fò dìde, díẹ̀ ló kù kí n dọ̀bálẹ̀ fún aago! Ọ̀gá mi rẹ́rìn-ín títí, ó ní ta ni obìnrin yìí ń bá jà láàárín oríkì? Èmi kò rí nǹkan ẹ̀rín níbẹ̀.

Àjàní dé lọ́jọ́ Sátidé, mo jẹ́wọ́ fún un. Kò jà. Ó gbọ́ ọ lẹ́ẹ̀mejì, ó wá ní ẹ kò fi kásẹ́ẹ̀tì kankan ránṣẹ́ sí òun rí, kí n jọ̀ọ́ yá òun ní ọ̀kan. Kí n yá a kẹ̀? N kò fún un.

Aago náà ti wà lọ́nà, ìyàwó Tíṣà ló ń gbé e bọ̀. Ẹ pe Àjàní padà sí àyè rẹ̀ méjèèjì, ẹ̀tọ́ rẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n mo ti fi àyè kan sílẹ̀ ní ìparí. Kò gùn, orúkọ kan ló gbà. Ẹ jókòó, ẹ mu omi, ẹ pe Àlàó síbẹ̀ láìbínú. Kí ẹ wá fi aago náà ránṣẹ́ padà sí mi. Kí n tó dá a padà fún Àjàní, mo fẹ́ gbọ́ bí orúkọ mi ṣe ń dún lẹ́nu yín.

Ọlọ́run yóò jẹ́ kí ẹ pẹ́ fún wa, àwa méjèèjì. Ẹ bá mi kí gbogbo ará ilé, títí kan àwọn tó ń fi Àjàní búra.

Èmi ni ọmọ yín,
Àlàó