Ìkúnlẹ̀ Ayaba ní Calais

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kọ́kọ́ bá mi yọ̀ ná. Àná ni mo ṣe ìdánwò àṣekágbá mi ní yunifásítì tó wà ní Evanston, l'Amẹ́ríkà níbí, mo sì yege. Ọmọ yín ti di dókítà! Kì í ṣe dókítà alábẹ́rẹ́ tí ẹ fẹ́ o, dókítà ìtàn ni. Ẹ má bínú, ẹ̀yin náà lẹ fà á.

Ṣé ẹ rántí Calais? Ní pálọ̀ wa n'Íwó, bí ẹ bá kírun Àsárì tán, ẹ ó máa bó ọsàn, ẹ ó máa sọ bí ọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe gba ìlú náà lọ́wọ́ àwọn Faransé. Wọ́n lò ó lé ní igba ọdún, àwọn onílẹ̀ fi ọjọ́ díẹ̀ gbà á padà. Ibẹ̀ lẹ ti máa ń rẹ́rìn-ín jù. Calais yẹn ni mo kọ ìwé mi lé lórí. Ẹni bí ni làá jọ.

Mo ti lóyún oṣù méje báyìí. Bí mo ṣe wọ yàrá ìdánwò, tí mo rí ọ̀jọ̀gbọ́n mẹ́rin tí wọ́n ti hu ewú, n kò tiẹ̀ ronú, mo ti kúnlẹ̀. Yéè! Gbogbo wọn fò dìde. Wọ́n rò pé ọmọ ti ń bọ̀. Ọ̀kan sáré lọ bu omi, èkejì ti gbá tẹlifóònù mú. Mo pariwo: “No, sir! Greeting ni o!” Kò sí ẹni tó mọ̀ pé kí òun kàn fọwọ́ kàn mí léjìká kó ní kí n dìde, bí ẹ ti máa ń ṣe.

Nígbà tí ẹ̀rín rọlẹ̀, àgbà inú wọn gbé ìbéèrè tí mo ń bẹ̀rù jù kalẹ̀. Ọba Gẹ̀ẹ́sì dó ti Calais fún bí ọdún kan, ebi lu ìlú náà, ọlọ́lá mẹ́fà jáde wá jọ̀wọ́ ara wọn pẹ̀lú okùn lọ́rùn, ọba ní kí wọ́n bẹ́ wọn lórí. Kí ló dé tó fi dá wọn sí nítorí ẹ̀bẹ̀ ayaba? Lójú ọ̀jọ̀gbọ́n náà, eré lásán ni, tọkọtaya ti jọ sọ ọ́ tẹ́lẹ̀. Bí mo bá kùnà níbẹ̀, iṣẹ́ ọdún mẹ́fà wọmi nìyẹn. Mo ní olóyún ni ayaba, ó sì kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ọmọ ogun. Àgbà wo ló ń wo ìkúnlẹ̀ abiyamọ kó yíjú? Mo rán wọn létí pé àwọn náà ṣẹ̀ṣẹ̀ fò dìde nítorí tèmi ni. Bàbá àgbà yẹn rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí ìwé mi.

Nǹkan kan ló ń dùn mí. Lọ́jọ́ tí mo ń bọ̀ ní Amẹ́ríkà, ní pápákọ̀ òfuurufú Ìkejà, ṣòkòtò jíǹsì mi fún jù. Mo kàn tẹ orúnkún díẹ̀, mo juwọ́ sí yín, mo sì lọ. N kò mọ̀ pé n kò ní rí yín mọ́. Ṣé ẹ kíyè sí i? Ṣé ó dùn yín?

Ilé wa ní Rogers Park ni mo ti ń kọ èyí, ìwé wà lórí àga, orúnkún mi méjèèjì wà nílẹ̀. Ikùn yìí wúwo, Bàbá mi. Ẹ ní kí n dìde.

Ọmọ yín tó kúnlẹ̀ kí yín,
Dókítà Ìtàn.