Ìwé Ìbò Tí N Kò Fọwọ́ Sí

Lindenort, Manitoba,
Ọjọ́ Kẹẹ̀ẹ́dógún, Oṣù Kẹrin, 2006.

Verena ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ. Mo gbà á ládùúrà pé kí lẹ́tà yìí bá yín ní àlàáfíà. Ara tèmi le, àfi orúnkún tí òtútù kò jẹ́ kó sinmi. Ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà èṣí ni mo kọ ọ́ sí. Ó ṣì mọ́, má fi mí ṣẹlẹ́yà.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ti orí fóònù. O rántí Àǹtí Truda Harder tó kọ́ ọ lórin nígbà tí o wà ní kékeré, àti Noreen tí wọ́n jọ ń gbé láti ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n. Ọ̀rẹ́ la mọ̀ wọ́n sí, kò sì sẹ́ni tó béèrè jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ní oṣù Kejì, Noreen dákú, wọ́n gbé e lọ sí ọsibítù. Wọ́n bi Truda pé, "Mọ̀lẹ́bí ni yín?" Ó ní rárá, wọ́n sì fi í sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà fún wákàtí mẹ́sàn-án. Bí ara Noreen ṣe yá, àwọn méjèèjì lọ bá òṣìṣẹ́ ìjọba, wọ́n ṣègbéyàwó lábẹ́ òfin.

Èmi ni mo ń tẹ ìwé ìkéde ìjọ. Truda mú tirẹ̀ wá bí ẹni tó fẹ́ kéde búrẹ́dì títà: òun àti Noreen ti ṣègbéyàwó, kí ìjọ bá wọn dúpẹ́. Verena, mo la ẹnu, n kò rí i pa dé.

Mo ní, "Truda, ṣé orí ẹ pé? Kí n tẹ eléyìí?"

Ó ní, "Ṣé kí n máa parọ́ fún ìjọ ni, Agatha? Ẹni tó bá gbéyàwó, ṣebí ó ń kéde ẹ̀."

Bẹ́ẹ̀ ni Pásítọ̀ ṣe ní kí a dìbò bóyá a ó yọ orúkọ Truda kúrò nínú ìwé ọmọ ìjọ. Bí ìdá méjì nínú mẹ́ta bá ní kó lọ, ó lọ nìyẹn. Mo dìbò pé kó lọ. N kò ní tàn ọ́: ohun tí wọ́n kọ́ mi nínú Bíbélì láti kékeré ni mo tẹ̀ lé, n kò sì tíì rí ibi tí wọ́n ti pa á rẹ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, kí ìsìn ìwẹ̀sẹ̀ tí a ti ń wẹ ẹsẹ̀ ara wa bí Jésù ti ṣe tó bẹ̀rẹ̀, èmi àti Isbrand Klippenstein, tí ìjọ yàn láti kà á, ka ìbò nínú ilé ìdáná ìjọ. Bébà àádọ́rùn-ún. Ọgọ́ta ní kó lọ, ọgbọ̀n ní kó dúró. Ó pé géérégé! Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹta. Bí ẹyọ kan bá yí padà, Truda kò lọ mọ́, ẹyọ kan sì jẹ́ tèmi. Isbrand fọwọ́ sí ìwé ìbò tí a kọ èsì sí. Ẹni méjì ló gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i kí Pásítọ̀ tó kéde, ṣùgbọ́n orin bẹ̀rẹ̀ kí n tó mú bírò.

Lọ́dọ̀ àwa obìnrin, kò sẹ́ni tó jókòó ti Truda. Ó gbé abọ́ omi rẹ̀ tọ̀ mí wá bó ti ń ṣe láti ọdún méjìlélógún, ó kúnlẹ̀.

"Bọ́ ìbọ̀sẹ̀ ẹ, omi ń tutù. Orúnkún ẹ ńkọ́?"

Kò béèrè nǹkan mìíràn. Ó wẹ̀ mí lẹ́sẹ̀, ó nu àárín ọmọ ìka kọ̀ọ̀kan. Èmi náà wẹ tirẹ̀. Mo mọ ohun tí wọ́n fẹ́ kéde, òun kò mọ̀.

Nígbà tí mo padà dé ilé ìdáná, Isbrand na bírò sí mi. "Ẹ fọwọ́ sí i jàre, Pásítọ̀ ń dúró. Àbí ìṣirò ti dojú rú fún ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ka ẹ̀wà kẹ́ ẹ tó dà á síkòkò?"

Mo ní, "Òǹkà yẹn tọ̀nà. Mo fẹ́ gba bébà mi padà ni."

"Bébà wo? Kò sórúkọ níbẹ̀!"

"Mo mọ ọwọ́ ìkọ̀wé mi."

Ó wò mí bí ẹni wo wèrè. Èmi náà ń wo ara mi bẹ́ẹ̀ láti ìgbà náà. Kò sí ìkéde. A kàn túká.

Kí Ọlọ́run pa yín mọ́, kí ó fún yín lọ́mọ, kí Àjíǹde ọ̀la bá yín láyọ̀. Bá mi gbàdúrà.

Èmi ni ìyá tó bí ọ,
Agatha Froese.

Mo tún rántí: Pásítọ̀ gbé ìwé ìbò náà wá láàárọ̀ yìí, ó ní kí n rò ó di ọjọ́ Ajé. Kò pẹ́ tó lọ ni Truda fi ìbọ̀sẹ̀ mi kan ránṣẹ́, èyí tí mo gbàgbé sẹ́gbẹ̀ẹ́ abọ́ rẹ̀ ní Ọjọ́bọ̀. Ó ti bá mi rán ihò ibi àtàǹpàkò rẹ̀. Láìsí orúkọ mi ni ìwé ìbò náà yóò padà lọ bá Pásítọ̀.